Èmi Tí Mo Ń So Ìràwọ̀ Kọ́ Ojú Títì

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ronú irú iṣẹ́ tí ẹ máa fi ọjọ́ ayé yín ṣe, mo kí yín o. Wọ́n ní kí n sọ ohun tí ojú mi rí nídìí iṣẹ́ mi fún yín, mo sì ti kìlọ̀ fún wọn pé ẹni tó bá ní kí arúgbó sọ̀tàn, kó wá àga jókòó ni. Iṣẹ́ mi kò wọ́pọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé kí ni ìyá yìí ń ṣe jẹun, ẹ dá a lóhùn pé ó ń so ìràwọ̀ kọ́ ojú títì. Iná la fi ń ṣe é. A óò to iná sára irin àti okùn, a óò fà á láti òrùlé kan dé òrùlé kejì, kí ẹni tó bá ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lè gbójú sókè, kó rí ojú ọ̀run bó ṣe máa ń rí ní oko tí kò sí èéfín. Ìgbà ọdún ni wọ́n sábà máa ń pè wá: Kérésì, Ìtúnu Ààwẹ̀, Iléyá, ọdún ìlú. Àwọn ọmọ àdúgbò mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ń pè mí ní Ìyá Oníràwọ̀, mo sì ń jẹ́ ẹ.

Kí n tó lọ jìnnà, mo fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, ohun kan ń dùn mí nínú: ọ̀gá mi kò dá mi sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ṣẹ́ rí mọ ohun tí mo ń wí. Bí ọmọ iṣẹ́ bá parí, ọ̀gá á gbàdúrà fún un níwájú èèyàn, á ní kó máa lọ dá dúró. Òmìnira la ń pè é, àwọn míì ń pè é ní fíríìdọ̀mù. Ẹni tí kò bá gbà á lè mọ iṣẹ́ náà ju ọ̀gá lọ, ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ọmọ iṣẹ́ ló ṣì jẹ́.

Ìjẹ̀bú-Imùṣin ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ti kú kí n tó gbọ́n. Ìyá mi ń ṣe oko ẹ̀gẹ́, ìyá tó bí i, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ló ń tọ́jú wa nílé. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan tí à ń pè ní Bọ̀dá Fọlọ́runṣọ́ ní òun máa mú mi lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde kí n lọ kọ́ aṣọ rírán. Mi ò ní nǹkan kan lòdì sí aṣọ rírán. Kò sì wù mí náà.

A kò tètè rí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ náà, la bá yà sí ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá ọ̀nà Odògbolú láti béèrè ọ̀nà. Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n inú ibẹ̀ ṣókùnkùn, nítorí wọ́n ti fi aṣọ dúdú dí fèrèsé. Agolo kẹrosíìnì kan wà lórí tábìlì. Wọ́n ti fi ìṣó lu ihò káàkiri ara rẹ̀, wọ́n sì tan gílóòbù kan sínú rẹ̀, gbogbo ògiri wá kún fún ìràwọ̀. Bọ̀dá ń béèrè ọ̀nà, èmi ń wo ògiri. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dé fìlà funfun ló jókòó ti tábìlì.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí ihò ara agolo kéré, tí èyí tó wà lára ògiri wá tóbi?"

Bọ̀dá fà mí lọ́wọ́. Ó ní, "Má dí bàbá lọ́wọ́."

Ọkùnrin náà nawọ́ sí agolo. Ó gbé agolo náà sún mọ́ ògiri, àwọn ìràwọ̀ kéré, wọ́n sì mọ́lẹ̀ sí i. Ó gbé e sẹ́yìn, wọ́n tóbi. Ó wá bi mí pé, "Kí lo rí?"

Mo ní, "Bó bá ṣe ń jìnnà sí ògiri ló ń tóbi, ṣùgbọ́n kì í mọ́lẹ̀ tó tàkọ́kọ́."

Ó kọjú sí Bọ̀dá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí kò lè ránṣọ o. Abẹ́rẹ́ á kàn máa gún un lọ́wọ́ ṣáá ni, torí kò ní í máa wo aṣọ."

Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ Ọ̀gá Músílíù nìyẹn. Ọdún márùn-ún la kọ sínú ìwé, Bọ̀dá fọwọ́ sí i lórúkọ ìyá mi, ọ̀rọ̀ owó ibẹ̀ kò sì tó ohun tí à ń gbé kiri.

Ọdún kìíní, ihò ni mo ń lù. Agolo mílíìkì, agolo kẹrosíìnì, páànù àlòkù. Ìṣó oríṣi mẹ́rin ló wà nínú ìgò kan, ìràwọ̀ tó bá mọ́lẹ̀ gan-an ni ìṣó ńlá wà fún, èyí tó bá kàn ń ṣẹ́jú lókèèrè, abẹ́rẹ́ ìránbàtà la fi ń lù ú. Bí mo bá lu ihò kan sí ibi tí kò yẹ, ọ̀gá mi kì í pariwo. Á gbé agolo náà lé mi lọ́wọ́, á ní, "Ìràwọ̀ wo lèyí?" Èmi á máa wo ihò náà. Á ní, "Ẹni tó wà lókè kò fi í síbẹ̀, ìwọ fi í síbẹ̀. Ṣé o jù ú lọ ni?" Àwọn ọ̀gá yòókù lójú ọ̀nà wa máa ń na ọmọ iṣẹ́ wọn. Ọ̀gá tèmi kì í nà wá. Ìbéèrè ló fi ń nà wá, ó sì máa ń ta ju pàṣán lọ.

Òfin rẹ̀ tó le jù lọ ni ti àárọ̀. Kí a tó fọwọ́ kan irinṣẹ́, oníkálukú á jábọ̀ ohun tó rí lójú ọ̀run ní ìrọ̀lẹ́ àná. Kò fẹ́ mọ̀ bóyá o ń sáré lọ sílé tàbí ẹsẹ̀ ń dùn ọ́. Ó ní iṣẹ́ wa kì í ṣe iṣẹ́ iná, iṣẹ́ ojú ni. Ọjọ́ kan báyìí, mo ti tètè sùn. Nígbà tó kàn mí, mo fi ọgbọ́n orí sọ pé mo rí àwọn ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò sórí ìlà kan, tí wọ́n mọ́lẹ̀ dáadáa.

Ọ̀gá mi ní, "O ṣeun. Apá ibo?"

Mo ní, "Apá ìlà oòrùn, sà."

Ó ní, "Ṣé kó tó di pé òjò dé ni, àbí nígbà tó ń rọ̀?"

Ráṣídì, ọmọ iṣẹ́ tó ṣáájú mi, dojú bolẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Òjò ti rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ di àfẹ̀mọ́júmọ́, èmi ni mo sùn tí n kò gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn lọ, n kò purọ́ mọ́ ojú ọ̀run mọ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ohun tí mo bẹ̀rẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù wá di ohun tí n kò lè fi sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Kí ló dé tí àwọn kan pupa? Kí ló dé tí òṣùpá máa ń yọ sí òkè lọ́sàn-án nígbà míì, tí ojú kì í tì í? Kí ló dé tí àwọn kan ń ṣẹ́jú, tí àwọn kan tẹjú mọ́ni? Ọ̀gá mi á dáhùn èyí tó mọ̀, á ní òun kò mọ ìyókù, inú rẹ̀ á sì dùn bí ẹni tó rí nǹkan he.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ọ̀rọ̀ ajá.

Ó ku ọdún kan kí n parí. Àwọn àgbà àdúgbò kan, tí n kò ní í dárúkọ, ní kí a so iná kọ́ iwájú mọ́ṣáláṣí wọn fún Ìtúnu Ààwẹ̀. Ọ̀gá mi ń lọ sí Èkó lọ ra gílóòbù. Kó tó wọ mọ́tò, ó ní, "Òṣùpá tuntun ni kẹ́ ẹ ṣe, kí Àgùàlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀." Ó lọ. Ráṣídì ń ṣe iṣẹ́ mìíràn ní Ìjàgun, èmi nìkan ló kù. Kí Ráṣídì tó jáde lọ síbẹ̀, ó bi mí pé, "Ṣó o mọ Àgùàlà?"

Ìbéèrè náà bí mi nínú. Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n kí n tó mọ̀ ẹ́."

Òótọ́ sì ni mo sọ, lójú ara mi. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ pé Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Ìyá Àgbà ti sọ ìtàn ajá òṣùpá fún wa títí a fi mọ̀ ọ́n lórí: ibi tí òṣùpá bá lọ, Àgùàlà ajá rẹ̀ á tẹ̀lé e, á máa ṣọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni má jí i gbé. Ṣùgbọ́n ojú Ìyá Àgbà ti fọ́ kí wọ́n tó bí mi, inú yàrá la sì ti ń gbọ́ ìtàn nítorí ẹ̀fọn. Kò lè mú wa jáde kó nawọ́ sókè pé òun nìyẹn. Lọ́kàn tèmi, Àgùàlà jẹ́ ajá. Mo ti fi ọdún mẹ́rin jábọ̀ fún ọ̀gá mi pé mo rí ìràwọ̀ funfun ńlá kan ní ìwọ̀ oòrùn, èmi kò béèrè orúkọ rẹ̀, òun kò sì sọ ọ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ó ń dúró kí n béèrè ni.

Mo fi wáyà tẹ ajá. Mo ṣe etí méjì fún un, mo ṣe imú, mo ṣe ẹsẹ̀ mẹ́rin, mo to gílóòbù sí i lára. Mo wá rò ó pé ajá tí kì í ju ìrù, ajá wo nìyẹn? Sítátà kan wà, ohun róbótó kékeré tó máa ń wà lára iná gígùn, tó máa ń mú kí iná ṣẹ́jú kó tó tàn. Mo ṣe ìrù méjì fún ajá náà, ọ̀kan lọ sápá ọ̀tún, ọ̀kan lọ sápá òsì, mo so sítátà mọ́ ọn, bí èyí bá ń kú, tọ̀hún á máa tàn. Mo dán an wò nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ń ju ìrù. Mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Àwọn géńdé bá mi gbé e kọ́ iwájú mọ́ṣáláṣí, a fi àpò bò ó títí di àṣálẹ́. Wọ́n kírun tán, oòrùn ti wọ̀, àwọn àgbà jáde síta, lèmọ́mù àgbà wà níwájú wọn. Ọ̀gá mi ń ti ìdíkọ̀ bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó gbé páálí gílóòbù sórí. Mo fa okùn, àpò ṣubú, mo tan iná.

Òṣùpá tuntun yọ, ó rẹwà. Ajá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lókè ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí gan-an, ó ń ju ìrù.

Gbogbo ojú lọ sókè. Lẹ́yìn náà àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ọ̀kan ń gbó bí ajá. Ẹ̀yin tí ẹ bá jẹ́ Mùsùlùmí mọ ohun tí ajá jẹ́ níwájú ibi ìkírun, ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Mùsùlùmí, ẹ bi aládùúgbò yín. Bàbá kan bọ́ síwájú, ó ní wọ́n fi ẹ̀sìn òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀gá mi sọ páálí kalẹ̀. Ó wo òkè, ó wò mí. Ìjẹ̀bú ló fi sọ ọ́, èyí tí kì í sábà fi bá wa sọ̀rọ̀. Ó ní, "Kí rè é?"

Kí n tó dáhùn, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyẹ̀pẹ̀ níwájú àwọn àgbà náà, tòun ti fìlà funfun rẹ̀. Èmi ni mo ṣẹ̀, òun ló dọ̀bálẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ṣì ń rí ẹ̀yìn bùbá rẹ̀.

Lèmọ́mù àgbà ní kó dìde. Ó pè mí, ó ní, "Ọmọ mi, ta ló sọ fún ọ pé ajá ni?"

Mo ní, "Ìyá Àgbà mi ni, sà. Wọ́n ní Àgùàlà lajá òṣùpá."

Lèmọ́mù náà wò mí títí. Ó ní, "Ìyá rẹ àgbà kò purọ́. Gbójú sókè." Ó nawọ́ rékọjá òrùlé mọ́ṣáláṣí. Òṣùpá tuntun wà níbẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tí gbogbo wọn ti ń retí, ìràwọ̀ funfun ńlá tí mo ti ń jábọ̀ rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Àgùàlà nìyẹn."

Ojú tì mí, ẹkún gbọ̀n mí, síbẹ̀ n kò lè gbé ojú kúrò lókè. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Wọ́n tú ajá náà sílẹ̀, àdúgbò yẹn kò sì pè wá síṣẹ́ mọ́.

A rìn padà dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá mi sọ páálí gílóòbù kalẹ̀. Ó wá ní, "O kò tíì tó ẹni tí wọ́n ń dá sílẹ̀." Ó wọlé lọ. Gbólóhùn yẹn ni mo gbé kiri fún gbogbo ọjọ́ ayé iṣẹ́ mi.

Ọdún tó tẹ̀lé e, ìyá mi kú. Bọ̀dá Fọlọ́runṣọ́ ti lọ ṣiṣẹ́ sí Èkìtì, a kì í sì í gbúròó rẹ̀. Ọdún márùn-ún mi pé. Ráṣídì ti gba òmìnira tirẹ̀ ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn: bàbá rẹ̀ wá pẹ̀lú obì, oyin àti páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ọ̀gá mi gbàdúrà, a jẹun. Mo rò pé ọ̀gá mi ló ránṣẹ́ pè wọ́n. Mo wá ń dúró kó pe èmi náà. Mo fi ọdún méjì dúró lé e. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo jábọ̀ ìràwọ̀; ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Kò wí nǹkan kan. Mo ní nínú mi pé ọ̀rọ̀ ajá ni. Lọ́jọ́ kan mo dágbére fún un, mo ní mo fẹ́ lọ sí Odògbolú. Ó ní, "Ó dáa." Ó tẹjú mọ́ mi bí ẹni tó ń retí pé kí n fi nǹkan kan kún un. N kò fi nǹkan kan kún un.

Odògbolú ni mo ti bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ ìbòòji ilé ẹnì kan, kí n tó padà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ pè mí fún Kérésì, lẹ́yìn náà ìyá ọlọ́jà kan tó fẹ́ kí òru wà lójú òpópónà òun, bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ ń wá. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣèpàdé ẹgbẹ́ oníná, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, "Ta ló dá ẹ sílẹ̀?" Ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí. N kò kọ "ọ̀gá" sára pátákó ṣọ́ọ̀bù mi. Bí wọ́n bá mú ọmọ wá pé kí n kọ́ ọ níṣẹ́, mo máa ń ní kí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ Ráṣídì, nítorí ẹni tí wọn kò dá sílẹ̀, báwo ló ṣe máa dá ẹlòmíràn sílẹ̀? Mo ti dá àwọn ọmọ tó ní ojú tó dáa padà. Ó ń dùn mí.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Gílóòbù tí a ń rì sínú ọ̀dà aláwọ̀, tí a ń sá sórí okùn kó gbẹ, ti lọ. Iná gígùn dé, ó lọ. Iná bí okùn, tí wọ́n ń ká bí ẹní, dé láti òkè òkun, gbogbo ọmọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń so wáyà wá di oníràwọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn iná wínníwínní tó ń lo iná díẹ̀ dé, pẹ̀lú sólà tí kò bá ìjọba rojọ́ iná. Mo fẹ́ràn wọn, n kò ní í purọ́. Iná tó ń mú kí wáyà gbóná títí rọ́bà ara rẹ̀ fi ń rùn, ta ni yóò ṣàárò rẹ̀? Ohun tí mo ń ṣàárò ni abẹ́rẹ́ ìránbàtà. Ihò tó o bá fi ọwọ́ lu, o mọ ìdí tó fi wà níbẹ̀.

Ohun kan tún ń kọ mí lóminú. Bí iná ojú títì ṣe ń pọ̀ sí i, ti òkè ń ṣòro láti rí. Àwa tí à ń so ìràwọ̀ wà lára àwọn tó ń pa ìràwọ̀ rẹ́. Mo wá ń ṣe nǹkan kan: ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan tí iná mi bá wà lójú títì, mo máa ń pa á fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń kígbe pé wọ́n ti múná lọ. Ẹni tó bá gbọ́n láàárín wọn á wòkè.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà tí mo gbọ́ pé olùkọ́ kan ní yunifásítì Ìjàgun ní awò tó ń mú ohun tó jìnnà sún mọ́ ojú. Mo wọ ọ̀kadà lọ bá a. Ọmọ Èkìtì ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tó níwà. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, mo wá béèrè Àgùàlà ni." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ jókòó, mà." Ó kọ́kọ́ sọ fún mi pé Àgùàlà tí à ń rí nírọ̀lẹ́ àti ìràwọ̀ ńlá kan tí à ń rí láàárọ̀ kùtù, ọ̀kan náà ni wọ́n. N kò gbà. A jiyàn títí oòrùn fi wọ̀. Ó wá gbé awò náà síta, ó ní kí n fi ojú kan sí i.

N kò rí ìràwọ̀. Mo rí òṣùpá kékeré kan, tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ kọdọrọ.

Mo ní, "O ti gbé e sí òṣùpá, ọmọ mi. Àgùàlà ni mo ní."

Ó ní, "Àgùàlà náà nìyẹn, mà. Òun náà máa ń ṣe bí òṣùpá. Ó máa ń kún, ó máa ń tán."

Mo yọ ojú kúrò, mo wò ó bẹ́ẹ̀ lókè, ìràwọ̀ ni. Mo tún fojú sí i, òṣùpá ni. N kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo ti ń tẹ iná sí àwòrán ohun kan fún ọgbọ̀n ọdún, n kò mọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí.

Ọjọ́ kejì, ilé Ọ̀gá Músílíù ni mo gbà lọ. N kò yé kí i nígbà ọdún, òun náà kò sì fi oúnjẹ dù mí rí. Ó ti di bàbá arúgbó. Mo sọ fún un. Ó ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Ó bi mí ní ìbéèrè bí ogún: báwo ló ṣe tóbi tó, apá ibo ni ìwo rẹ̀ méjèèjì kọ sí, ṣé ó funfun àbí ó pọ́n. A jókòó títí oúnjẹ fi tutù. Nígbà tí mo ń lọ, ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, n kò sọ nǹkan kan, òun náà kò sọ nǹkan kan. Ìjẹ̀bú méjì nìyẹn, ẹ bá wa wá ẹni tó máa kọ́kọ́ la ẹnu.

Ọdún tó kọjá ni orúnkún mi ní ó tó. Iṣẹ́ àṣekágbá mi, ojú òpópónà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ṣe é sí. Mo so gbogbo ojú ọ̀run oṣù náà kọ́ ọ, àwọn ọmọ yunifásítì ló ń gun òkè, èmi ń fi ọ̀pá júwe nílẹ̀. Mo ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fi ọkọ̀ gbé e wá nírọ̀lẹ́, wọ́n gbé àga fún un sójú títì. Ojú rẹ̀ ti bàìbàì. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀, kì í rí etí rẹ̀.

A tan iná. Alága àdúgbò gba gbohùngbohùn, ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọ̀gá àwọn oníràwọ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Inú mi kò gbà á. Mo rò ó pé bí n kò bá sọ ọ́ lónìí, n kò ní í sọ ọ́ mọ́. Mo sún mọ́ alága, mo ní, "Ẹ má pè mí lọ́gàá, sà. Ọ̀gá mi ló jókòó yìí, wọn kò dá mi sílẹ̀."

Mo rò pé mo rọra sọ ọ́. Ọ̀gá mi gbọ́. Ó yí orí síbi tí ohùn mi wà.

Ó ní, "Léèsí?" Ta ni, ní Ìjẹ̀bú.

Mo lọ bá a, mo ní, "Èmi ni, sà."

Ó ní, "Mo gbọ́ pé ìwọ ni. Mo ní léèsí wá bẹ̀ mí? Bàbá Ráṣídì wá bẹ̀ mí fún Ráṣídì. Ta ló wá bẹ̀ mí fún ọ?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó wá, sà. Ìyá mi ti kú. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ránṣẹ́ pe bàbá Ráṣídì."

Ó ní, "Ọ̀gá kì í ránṣẹ́ pe òbí. Ṣé n óò wá bẹ ara mi ni? Mo ní lọ́kàn mi pé ojú ló ń tì ọ́, pé bó o bá ṣe tán, ìwọ fúnra rẹ á wá, n kò sì ní í gba obì kankan lọ́wọ́ rẹ. Ọdún dọ́dún, mò ń sìn ọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Gbogbo ohun tó wà lókè lo bi mí. O kò bi mí lèyí."

Mo ní, "Ẹ ní n kò tíì tó ẹni tí wọ́n ń dá sílẹ̀."

Ó ní, "Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ní o kò tíì tó."

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo mọ òwe náà láti kékeré, mo máa ń pa á fún ẹlòmíràn. Mo ronú kan àwọn ọmọ tí mo dá padà, tí n kò lè ka iye wọn mọ́. N kò rí ẹni bínú sí àfi ara mi, ìgbà yẹn sì ti kọjá pẹ̀lú. Mo kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà ojú títì níwájú gbogbo àdúgbò. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dá mi sílẹ̀."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin bá a gbé ọwọ́ lé mi lórí, nítorí bàbá kò rí ibi tí orí mi wà. Ọ̀gá mi bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Àdúrà ọmọ ọdún méjìlélógún ni, kò sí òmíràn tí wọ́n ń ṣe nídìí òmìnira. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tí mo fẹ́ lọ dá sílẹ̀ kò ní í pa dé. Mo ní, "Àmín, sà." Ó ní àwọn oníbàárà mi á mọ ilé mi. Mo ní, "Àmín, sà." Ó ní n óò kọ́ ọmọ níṣẹ́, ọmọ ọ̀hún á mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Mo ṣe àmín sí ìyẹn náà. Ó ní n kò ní í jábọ́ lórí àkàbà. Mo ti ta àkàbà mi lọ́sẹ̀ tó ṣáájú.

Mo ní, "Àmín, sà."